Ẹ̀rọ Kọfí Ilé Ìfọṣọ Alhaja

Ohun tó kọ́kọ́ bà mí lẹ́rù nígbà tí mo dé Mushin ni pé Yorùbá ni gbogbo wọn ń sọ, mi ò sì gbọ́ ohun tí wọ́n ń wí. Kétu ni wọ́n bí mi sí, ní orílẹ̀-èdè Benin, Yorùbá ni mo sì fi ń sunkún láti kékeré. Mo ti rò pé bí ẹni ń ti pálọ̀ bọ́ sí yàrá ni yóò rí. Àfi bí ọkùnrin kan tó ru páálí ṣe dé ẹ̀yìn mi tó ní, "Ṣíìfùtù díẹ̀ jàre, bọ̀ọ̀dá, ẹ ti bílọ́ọ̀kì ibi gbogbo!" Mo dúró, mò ń wò ó. Ó tún un wí, ó yára ju ti àkọ́kọ́ lọ. Nígbà tó rí i pé mi ò mira, ó fi páálí gún mi lẹ́yìn, ó kọjá, ó ń bú mi lọ. Èébú yẹn nìkan ni mo gbọ́ dáadáa.

Nílé wa, Nàgó ni àwọn tí kì í ṣe Yorùbá ń pè wá. Mo dé Mushin, wọ́n sọ mí di ará Kútọnu. Mo ní rárá o, Kétu ni mo ti wá, Kútọnu wà lọ́hùn-ún létí òkun, ó jìnnà sí ọ̀dọ̀ wa. Wọ́n ní, "A ti gbọ́, ará Kútọnu." Inú máa ń bí mi! Màá dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì, màá máa fi ìka ya ilẹ̀ Benin fún wọn nínú afẹ́fẹ́, wọn á máa mi orí bíi pé ó yé wọn, wọn á ní, "Òótọ́ ni o, Kútọnu dáa." Nígbà tó yá ó sú mi, mo bẹ̀rẹ̀ sí í dáhùn sí orúkọ náà.

Iṣẹ́ fìríjò ni mo kọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má rẹ́rìn-ín. Bí a ṣe ń pè é nílé nìyẹn, torí Faransé ni wọ́n fi kọ́ wa níléèwé. Ọjọ́ tí mo dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe lẹ́yìn Ìdí-Òró, tí mo ní mo mọ fìríjò tún ṣe, ọ̀kan nínú wọn rẹ́rìn-ín títí ó fi di ògiri mú. Mo ní kí wọ́n gbé èyí tó ti sú wọn jáde. Wọ́n gbé e jáde. Kí oòrùn tó wọ̀, omi inú rẹ̀ ti ń di yìnyín. Ẹ̀rín tán, wọ́n ní kí n máa bọ̀ lọ́la.

Ṣùgbọ́n irú iṣẹ́ wo ni wọ́n fún mi? Bí ẹrù bá wúwo, ẹ pe ará Kútọnu. Bí iṣẹ́ bá le, ẹ pe ará Kútọnu. Bí oníbàárà bá dé, ará Kútọnu, bọ́ sẹ́yìn díẹ̀. Ìdí rẹ̀ ni pé mi ò tíì gba fírídọ̀ọ̀mù. Ẹni tó bá ti gbé l'Ékòó mọ̀ ọ́n. Bó o ṣe lè mọ iṣẹ́ ọwọ́ tó, tí ọ̀gá tó kọ́ ọ ò bá tíì pe àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ jọ, kó o dọ̀bálẹ̀, kó gbàdúrà fún ọ, kó gbé irinṣẹ́ lé ọ lọ́wọ́, kó sì sọ lójú gbogbo wọn pé òun ti tú ọ sílẹ̀, ọmọ iṣẹ́ ni ọ́. O ò lè ṣí ṣọ́ọ̀bù. Tó o bá ṣí i, ẹgbẹ́ á wá tì í.

Bàbá mi ló kọ́ mi níṣẹ́. Gbogbo ohun tí ooru tàbí òtútù bá ń gba inú rẹ̀ kọjá, Bàbá mọ̀ ọ́n tún ṣe. Kí n tó kúrò ní Kétu, mo ní kó tú mi sílẹ̀. Ó ń nu ọwọ́ lọ́wọ́, kò tiẹ̀ wojú mi. Ó ní, "Ìwọ lọ ná. Ọjọ́ tó o bá padà wá jókòó sí ṣọ́ọ̀bù yìí, màá pe gbogbo àdúgbò, màá tú ọ sílẹ̀, ṣọ́ọ̀bù á sì di tìrẹ." Ìfẹ́ ló fi sọ ọ́, mo mọ̀. Ṣùgbọ́n ohun tí mo gbọ́ ni pé tí mo bá fẹ́ di ọ̀gá, àfi kí n padà sílé pátápátá.

Mi ò sì fẹ́ padà. Mo fẹ́ràn Mushin, kí n má parọ́. Ní Kétu, fíríìjì tí wọ́n bá gbé wá, mo mọ ẹni tó ni ín, mo mọ ẹni tó rà á fún un, mo mọ ohun tó ṣe é lọ́dún tó kọjá. Ní Mushin, ìdajì ohun tí wọ́n ń gbé wá láàárọ̀, mi ò rí irú rẹ̀ rí. Ẹ̀rọ tó ń ṣe yìnyín bí òkúta ṣúgà, ẹ̀rọ tó ń mú ẹran tutù láti inú ọkọ̀, ẹ̀rọ tí ẹni tó gbé e wá gan-an ò mọ ohun tó wà fún. Ara mi máa ń yá gágá tí mo bá ti jí. Ohun tí mo fẹ́ ni ṣọ́ọ̀bù kékeré kan tí orúkọ mi wà lókè rẹ̀, níbi tí oníbàárà á dé tí mi ò ní bọ́ sẹ́yìn fún ẹnikẹ́ni.

Ìrọ̀lẹ́ ni nǹkan máa ń nira. Ọjọ́ Iléyá àkọ́kọ́ tí mo ṣe níbẹ̀, mo jókòó sínú yàrá tí mo gbà, mò ń gbọ́ bí àwọn ará ilé ṣe ń pe ara wọn jẹun. Mo tan fáànù kí n má baà gbọ́ mọ́. Wọ́n mú iná lọ, mo tún gbọ́ ọ. Ni Alhaja tó ni ilé bá gbá ìlẹ̀kùn mi. Opó ni Alhaja, ó ń ṣe ilé ìfọṣọ níwájú ilé, ohùn rẹ̀ sì lè mú ọkọ̀ dúró.

"Ará Kútọnu! Ṣé ààwẹ̀ lò ń gbà lọ́jọ́ Iléyá ni?"

Mo ní, "Rárá, Alhaja. Mi ò fẹ́ yọ yín lẹ́nu ni."

"O ti yọ mí lẹ́nu. Ẹran ti fẹ́ tutù. Dìde níbẹ̀!"

Mo jẹun títí mi ò lè dìde. Láti ọjọ́ náà, Alhaja di ẹni tí mo ní l'Ékòó. Òun ló sọ fún mi pé iwájú ilé ìfọṣọ òun ṣófo, pé kí n ṣí ṣọ́ọ̀bù mi síbẹ̀. Mo fò sókè. Ó ní kí n má tíì fò, kí n lọ rí alága ẹgbẹ́ ná.

Bàbá Kàmórù ni alága ẹgbẹ́ àwọn tó ń tún fíríìjì ṣe ládùúgbò wa. Kì í ṣe èèyàn burúkú. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ mi tán, ó ṣí fìlà, ó tún un dé.

"Ta ni ọ̀gá rẹ?"

"Bàbá mi ni."

"Ṣé ó ti tú ọ sílẹ̀?"

"Ó ní ó di ìgbà tí mo bá padà sílé."

"Òfin ò mọ ojú," ó ní. "Lọ gba fírídọ̀ọ̀mù rẹ wá. Tàbí kó o wá bẹ̀rẹ̀ lábẹ́ mi, bí ọmọ iṣẹ́ tuntun."

Èmi tí irùngbọ̀n mi ti ń funfun níbì kan! Mo fi ìbínú rìn títí dé Ojúẹlẹ́gbà kí n tó rántí pé mi ò níṣẹ́ kankan níbẹ̀.

Ní gbogbo ìgbà yẹn, ọ̀rọ̀ èmi àti Bàbá lórí fóònù ti kúrú. Ṣé o jẹun? Mo jẹun. Ṣé ara le? Ó le. Ìgbà wo lò ń bọ̀? Níbẹ̀, àwa méjèèjì á dákẹ́, a ó máa gbọ́ bí ẹnì kejì ṣe ń mí, títí fóònù á fi gé fúnra rẹ̀. Mo máa ń ronú pé bóyá ọmọ tó bá rìn jìnnà tó báyìí kì í ní ohun tó lè bá bàbá rẹ̀ sọ mọ́.

Òjò ló yí nǹkan padà. Ó rọ̀ wọ ilé ìfọṣọ lọ́sàn-án ọjọ́ kan, Alhaja ní kí n wá bá òun kó ẹrù kúrò nílẹ̀. Nǹkan ńlá kan wà ní kọ̀nà, aṣọ ló bò ó mọ́lẹ̀ láti ìgbà tí mo ti mọ ibẹ̀. Mo ti máa ń rò pé tábìlì ni.

"Gbé ìranù yẹn jùnù," Alhaja wí. "Àwọn tó tú ẹrù ilé ìtura àtijọ́ kan ní Yaba ló tà á fún mi. Wọ́n ní ẹ̀rọ ìlọṣọ ni, pé èéfín rẹ̀ lè na kóòtù láìfi irin kàn án. Irọ́ pátápátá! Mo so okùn áyọ́ọ̀nù mọ́ ọn títí, kò na nǹkan kan."

Mo ká aṣọ kúrò. Agbádá oníbàárà kan ló kẹ́yìn, wọ́n fi kọ́ apá irin méjì tó yọ sókè lára nǹkan náà. Mo nu eruku. Abẹ́ apá kọ̀ọ̀kan, ẹnu róbótó kan wà tó kọjú sílẹ̀. Páìpù tín-ín-rín kan yọ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bí imú. Gíláàsì kékeré wà níwájú tó ń fi bí omi ṣe pọ̀ tó hàn. Mo ti rí ohun tó jọ ọ́ rí nínú fọ́tò Bàbá, ti ìgbà tó jẹ́ ọ̀dọ́, tó ń ṣiṣẹ́ ní òtẹ́ẹ̀lì kan ní Kútọnu.

"Alhaja," mo ní, "ẹ̀rọ kafé nìyí."

"Ẹ̀rọ kí ni?"

"Kọfí. Ẹ̀rọ tó ń ṣe kọfí."

Alhaja jókòó. "Kọfí tí mò ń fi ṣíbí bù sínú omi gbígbóná? Ìyẹn náà ni wọ́n ń ṣe irin tó tó báyìí fún? Ó ti rẹ̀ ọ́, ará Kútọnu. Lọ sùn."

Mo pe Bàbá. Fóònù rẹ̀ kì í ṣe èyí tó ń fi ojú hàn, nítorí náà mo ní láti fi ẹnu sọ gbogbo rẹ̀. Bàbá dá mi dúró lẹ́ẹ̀kan náà. "Sọ ohun tí ojú rẹ rí. Má sọ ohun tó o rò." Bó ṣe máa ń bá mi wí nìyẹn nígbà tí mo ń kọ́ṣẹ́. Mo tún un bẹ̀rẹ̀. Mo sọ ti apá irin, ti ẹnu róbótó, ti gíláàsì. Ohùn Bàbá yí padà.

"Fa ọ̀kan nínú apá yẹn wálẹ̀. Ṣé ó ń bá ọ fà á?"

Mo fà á. "Ó ń fà á gan-an, Bàbá!"

"Sípírìngì rẹ̀ ṣì yè nìyẹn. Má jù ú sílẹ̀ o, tó bá—"

Mo ti jù ú sílẹ̀. Gbàgà! Apá irin náà fò sókè, ó bá mi ní àgbọ̀n, mo jókòó sínú omi òjò. Alhaja kígbe, "Yéè, ó ti pa á!" Nínú fóònù, Bàbá bú sẹ́rìn-ín. Ó rẹ́rìn-ín títí ikọ́ fi mú un. Ó ní, "Ẹ̀rọ kafé ni! Òun ni! Bó ṣe ṣe èmi náà lọ́jọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn!" Mi ò tíì gbọ́ ẹ̀rín Bàbá láti ìgbà tí mo ti kúrò nílé. Àgbọ̀n ń dùn mí, inú mi sì ń dùn, mi ò mọ èyí tí mo máa fọwọ́ mú.

Ìròyìn dé etí Bàbá Kàmórù. Ó wá wò ó fúnra rẹ̀, ó fi ọwọ́ gbá a. "Ẹ̀rọ ìlọṣọ ni."

"Ẹ̀rọ kọfí ni, Bàbá. Bàbá mi sọ bẹ́ẹ̀."

"Bàbá rẹ tí kò tíì tú ọ sílẹ̀?"

Ẹ ò rí i bí ó ṣe mọ ibi tó máa gún! Ẹnu mi ṣí kí n tó ronú. Mo ní tí mo bá mú kí ẹ̀rọ náà ṣiṣẹ́ lójú gbogbo ẹgbẹ́ ńkọ́? Bàbá Kàmórù wo ẹ̀rọ, ó wò mí.

"A ó ṣe ìpàdé tó ń bọ̀ níbí," ó ní. "Tó bá ṣiṣẹ́, èmi fúnra mi á pe bàbá rẹ, màá bẹ̀ ẹ́ kó tú ọ sílẹ̀. Tí kò bá gbà, ọwọ́ mi ò sí ńbẹ̀. Ṣùgbọ́n tí ẹ̀rọ yìí ò bá ṣiṣẹ́, wàá wá máa gbálẹ̀ ṣọ́ọ̀bù mi láàárọ̀, wàá sì pe àwọn tí mo ti kọ́ ní ẹ̀gbọ́n."

"Ó gbà!" Alhaja dáhùn. Ẹnikẹ́ni ò bi í.

Báyìí ni Bàbá ṣe tún di ọ̀gá mi, lórí fóònù. Ní gbogbo ọ̀sán tí mi ò bá níṣẹ́, màá jókòó ti ẹ̀rọ náà, màá fi fóònù sórí tábìlì ìlọṣọ, a ó bẹ̀rẹ̀. Bàbá ní kí n kọ́kọ́ wo ibi tí ẹ̀rọ ti ń mí, nǹkan kékeré orí ìkòkò rẹ̀ tó máa ń ṣí tí èéfín bá pọ̀ jù. Ó ní ìkòkò tí wọ́n dé pa tí kò ríbi mí, bọ́ǹbù ni. Ó ti dí pa. Mo tú u, mo fọ̀ ọ́, mo dán an wò títí ọkàn Bàbá fi balẹ̀, kí ó tó jẹ́ kí n fọwọ́ kan nǹkan mìíràn.

Ìkòkò náà jẹ́ bàbà, bàbà tó nípọn. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbin funfun tí omi fi sílẹ̀ ti le mọ́ inú rẹ̀ bíi sìmẹ́ǹtì. Alhaja ní àwọn ní kẹ́míkà tí wọ́n fi ń bó àbàwọ́n. Bàbá gbọ́ láti inú fóònù, ó kígbe pé ẹnu ni èèyàn máa fi mu nǹkan náà o! Òrombó wẹ́wẹ́ ni a lò. A fún òrombó títí ìka mi fi bó, a da omi rẹ̀ sínú ìkòkò pẹ̀lú omi gbígbóná, a jẹ́ kó sùn síbẹ̀. Ọjọ́ kejì, ẹ̀gbin náà ń ṣí bí èèpo ẹyin. Aṣọ gbogbo oníbàárà Alhaja ń ta sánsán òrombó lọ́sẹ̀ yẹn, ọ̀kan nínú wọn sì béèrè bóyá ọṣẹ tuntun ni.

Abọ́ kékeré olọ́wọ́ irin tí wọ́n máa ń di kọfí sí kí wọ́n tó kì í bọ ẹnu ẹ̀rọ, mo wá a títí, mi ò rí i. Bàbá ní láìsí i, a ò lè ṣe ohunkóhun. Mo ń sọ ìbànújẹ́ mi fún Alhaja, òun sì ń bu ọṣẹ ìyẹ̀fun sínú báfù. Mo wo ọwọ́ rẹ̀. Òun náà ló fi ń bu ọṣẹ! "Ó ti pẹ́ lọ́wọ́ mi," ó ní. "Ó bá ọwọ́ mi mu."

Irin tó ń fi iná ìjọba gbóná ti jó. Ìyẹn ká mi lára, torí mi ò rí irú rẹ̀ níbikíbi. Bàbá ní kí n dọ̀bálẹ̀, kí n wo abẹ́ ẹ̀rọ, ihò kan yẹ kó wà níbẹ̀. Ihò wà níbẹ̀. Ó ní, "Gáàsì. Ìran ẹ̀rọ yẹn máa ń lo gáàsì náà." Mo fi orí sítóòfù gáàsì kan sábẹ́ rẹ̀, omi hó, èéfín fọn bí ejò. Alhaja jó yí ilé ìfọṣọ ká. Èmi náà jó. Bàbá ní kí wọ́n má gbàgbé òun lórí tábìlì.

Mo rò pé a ti dé ibi tí à ń lọ. Ó ku rọ́bà tó máa di ẹnu ẹ̀rọ kí omi má baà jò. Mo ṣe ohun tí gbogbo oníṣẹ́ ọwọ́ Mushin máa ń ṣe: mo lọ gba àwẹ́ rọ́bà táyà lọ́wọ́ ọkùnrin tó ń lẹ táyà ní ìkóríta, mo gé e róbótó, ó bá a mu wẹ́kú. A ṣe kọfí àkọ́kọ́. Alhaja tọ́ ọ wò, ó tutọ́ sílẹ̀. "Ará Kútọnu, táyà ni mo mu." Mo tọ́ ọ wò. Táyà ni lóòótọ́, táyà tó ti rìn dé Ìbàdàn. Bàbá ò rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Ó ní, "Ta ló kọ́ ọ pé kó o fi rọ́bà ọkọ̀ sẹ́nu èèyàn?" Ojú tì mí. Ìpàdé ti kù sí dẹ̀dẹ̀. Mo lọ sí Ìlúpéjú, mò ń bèèrè láti ẹnu géètì dé ẹnu géètì, títí ọkùnrin Ìjẹ̀bú kan tó ń tún ẹ̀rọ ilé iṣẹ́ mílíìkì ṣe fi fún mi ní àjákù rọ́bà funfun tí wọ́n ń lò lára ohun tí èèyàn ń mu. Ó ní kí n pe òun wá sí ìpàdé náà.

Láàárín gbogbo èyí, nǹkan kan yé mi. Èmi àti Bàbá ti ń sọ̀rọ̀ fún wákàtí gbọọrọ. A ń jiyàn, a ń bú ara wa díẹ̀díẹ̀, à ń rẹ́rìn-ín. Ó ń sọ ìtàn ọ̀dọ́ rẹ̀ fún mi, èyí tí kò sọ rí nígbà tí mo wà lábẹ́ òrùlé rẹ̀. Ọ̀rọ̀ ò tán láàárín wa. Ohun tí a máa jọ wò ni kò sí tẹ́lẹ̀. Mo wà ní Mushin, ẹ̀gbẹ́ Bàbá ni mo sì wà. Kò sí ẹni tó sọ fún mi tẹ́lẹ̀ pé èèyàn lè wà níbi méjì kí ara sì tù ú.

Ọjọ́ ìpàdé pé. Gbogbo ẹgbẹ́ kún ilé ìfọṣọ, àwọn kan jókòó sórí ẹrù aṣọ. Ọkùnrin Ìjẹ̀bú náà wá. Mo ti tan gáàsì, ẹ̀rọ ń mí, bàbà rẹ̀ ń dán. Ó ku kọfí. Mo ra èyí tí wọ́n ti yan lọ́wọ́ ọmọbìnrin kan ní Yaba, ọmọ odó ni mo sì ti ń fi gún un láti ìgbà tí a ti bẹ̀rẹ̀. Mo wò yíká, mi ò rí kọfí náà.

"Mo ti bá ọ lọ̀ ọ́," Alhaja wí, inú rẹ̀ ń dùn. "Ó ti kúnná bí àtíkè. Ìyá tó ń lọ ata gbígbẹ ló bá mi ṣe é."

"Ata gbígbẹ, Alhaja?"

"Ó gbọn ẹ̀rọ náà dáadáa kó tó lọ̀ ọ́."

Kò sí òmíràn nílẹ̀. Bàbá Kàmórù sì ti ń wo aago. Mo bu kọfí sínú abọ́ olọ́wọ́ irin, mo kì í bọ ẹnu ẹ̀rọ, mo fa apá wálẹ̀, mo fi ọwọ́ méjèèjì tẹ̀ lé e bó ṣe ń gòkè. Kọfí bẹ̀rẹ̀ sí í sun sílẹ̀, tín-ín-rín, ó dúdú, fọ́ọ̀mù aláwọ̀ oyin wà lórí rẹ̀. Rọ́bà ò jò. Mo gbé e fún Bàbá Kàmórù.

Ó wo inú kọ́ọ̀bù. "Èyí náà ló pọ̀? Gbogbo ariwo yìí?"

"Bí wọ́n ṣe ń mu ún nìyẹn, Bàbá."

Ó dà á sẹ́nu lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ojú rẹ̀ là. Omi bọ́ lójú rẹ̀. Ó ṣí fìlà, ó fi fẹ́ ara rẹ̀. Mo ti ń rí ara mi pẹ̀lú ọwọ̀ nínú ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ láàárọ̀ kùtù. Ó wúkọ́, ó wúkọ́, ó fa imú.

"Ọ̀fìnkìn tó ti ń dà mí láàmú láti ọjọ́ yìí," ó ní, "ó ti ṣí." Ó na kọ́ọ̀bù sí mi. "Fún mi ní méjì sí i."

Ni ilé bá dàrú! Gbogbo wọn ló fẹ́ mu. Ọwọ́ mi ń ro mí níbi tí mo ti ń fa apá ẹ̀rọ. Ẹnì kan ní kí n fi mílíìkì sí tòun, ẹlòmíràn ní kí ata rẹ̀ pọ̀ díẹ̀. Alhaja dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bíi pé òun ló bí ẹ̀rọ náà.

Bàbá Kàmórù gbọ́wọ́ sókè, wọ́n dákẹ́. Ó ní kí n pe bàbá mi. Mo pè é, mo gbé fóònù sórí tábìlì ìlọṣọ. Wọ́n kí ara wọn bí àgbà ṣe ń kí àgbà, ó pẹ́.

"Ọmọ yín ti tún ẹ̀rọ tí gbogbo wa ò mọ̀ ṣe," Bàbá Kàmórù wí. "Ó mọṣẹ́. À ń bẹ̀ yín ni. Ẹ tú u sílẹ̀ fún wa, kó lè dá dúró."

Mo gbọ́ ìró ọkọ̀ kan tó kọjá níwájú ṣọ́ọ̀bù Bàbá ní Kétu.

"Tí mo bá tú u sílẹ̀ níbẹ̀ yẹn," ó sọ níkẹyìn, "kò ní padà wá gba ṣọ́ọ̀bù yìí mọ́ nìyẹn."

Gbogbo wọn wojú mi. Mo lè parọ́. Irọ́ náà ti wà lẹ́nu mi.

"Bàbá," mo ní, "mi ò ní padà wá jókòó síbẹ̀. Màá máa wá kí yín, màá máa pè yín. Ṣùgbọ́n ibí ni mo fẹ́ ti máa ṣiṣẹ́ tí ẹ kọ́ mi. Ẹ má bínú sí mi."

Alhaja tẹ̀ mọ́ fóònù. "Bàbá, ẹ fọkàn balẹ̀ o. Ọmọ yín ò sọnù. Iwájú ilé mi ló máa wà, mo sì ń rí i pé ó ń jẹun."

Mo ti rò pé fóònù ti gé. Ìgbà náà ni mo gbọ́ ohùn Bàbá, kò lágbára tó bó ṣe máa ń rí.

"Dọ̀bálẹ̀."

Mo dọ̀bálẹ̀ gbọọrọ sórí ilẹ̀ ilé ìfọṣọ, níwájú fóònù. Bàbá gbàdúrà fún mi. Ó pe orúkọ mi tán, oríkì mi náà, gbogbo rẹ̀. Ó ní òun kọ́ mi, òun ò fi nǹkan kan pa mọ́ fún mi, òun ti tú mi sílẹ̀ lónìí lójú gbogbo wọn. Ó ní, "Alága, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi gbé irinṣẹ́ lé e lọ́wọ́. Ọwọ́ mi ò tó o." Bàbá Kàmórù yọ sípánà tirẹ̀ kúrò lápò, ó gbé e lé mi lọ́wọ́. Gbogbo wọn ní àmín. Mo sunkún bí ọmọ ọwọ́, mi ò sì bò ó.

Ẹ̀rọ náà ṣì wà nínú ilé ìfọṣọ Alhaja, àwọn oníbàárà ń mu kọfí bí wọ́n ṣe ń dúró de aṣọ wọn. Ṣọ́ọ̀bù mi sì wà níwájú rẹ̀. Ọ̀sán ọjọ́ kan lẹ́yìn tí mo ṣí i, ọkùnrin kan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé fíríìjì rẹ̀ sọ̀ kalẹ̀ níwájú mi ni fóònù dún. Bàbá ni.

"Ọ̀gá, ẹ káàsán o," ó wí.

Mo ní, "Bàbá, èmi ni o."

"Mo mọ ẹni tí mo pè. Ọ̀gá, fíríìjì kan wà níwájú mi níbí, ó ti ń dà mí láàmú láti àná. Ó ń ṣiṣẹ́, gáàsì rẹ̀ kún, kò tutù. Ojú mi ò ríran dáadáa mọ́. Kí lẹ rò sí i?"

Mo ní kó fi ìka tọ páìpù tín-ín-rín tó wà lẹ́yìn rẹ̀ láti òkè dé ìsàlẹ̀, ibi tó bá ti tutù lójijì, ibẹ̀ ló ti dí. Mo gbọ́ bó ṣe gbé fóònù sílẹ̀. Mo gbọ́ bó ṣe ń fa ẹsẹ̀, tó ń mí. Ó pẹ́ kó tó padà.

"Ó wà níbẹ̀," Bàbá wí. "Ẹ ṣé, ọ̀gá mi." Ó gé fóònù.

Mo jókòó sórí àpótí, mò ń rẹ́rìn-ín, omi ń bọ́ lójú mi. Ọkùnrin tó gbé fíríìjì wá bi mí bóyá kò sí wàhálà. Mo ní kò sí nǹkan kan, bàbá mi ló ń béèrè nǹkan lọ́wọ́ mi, kó gbé fíríìjì rẹ̀ súnmọ́ mi.